Bàbá Tó Kan Odò Sínú Yàrá

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá àgbà, Àlùfáà tó ń wáàsí gbóhùn sókè pé onísùúrù ènìyàn ni olóògbé. Mo bojú wo Ìyá Sìdí, àbúrò bàbá mi obìnrin. Àwọn náà ń wò mí. Àwa méjèèjì sáré fi ìborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ láàárín àwùjọ. Onísùúrù kẹ̀? Bàbá tiwa? Bàbá tí mo fojú ara mi rí ní àgbàlá tí wọ́n ń bá òjò jà, tí wọ́n ń bi òjò pé ṣé kò rí pákó tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ni? Mi ò dá Àlùfáà lẹ́bi. Àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ ẹni tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi nígbà tí mo délé. Mo ní tí a bá dákẹ́, irú ọ̀rọ̀ dídùn báyìí ni àwọn ènìyàn yóò máa kó lé Bàbá lórí títí ẹni tí a mọ̀ yóò fi sọnù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Sùnmọ́nù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo Ìlobù ń pè wọ́n ní Bàbá Káfíńtà. Bẹ́ǹṣì ilé ìwé, fèrèsé onídígí, ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù tí ìyàwó tuntun ń kó abọ́ sí, kò sí èyí tí ọwọ́ wọn ò mọ̀. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, pẹ́ńsù kì í sì í kúrò lẹ́yìn etí wọn. Pẹ́ńsù yẹn ń bá wọn jẹun, ó ń bá wọn sùn. Ó bá wọn dé mọ́ṣáláṣí títí Lẹ́mọ́mù fi pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ pé, "Bàbá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti forí kanlẹ̀ báyìí, pẹ́ńsù yín á yí dé iwájú ẹni ẹlẹ́ni." Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ́ńsù ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi òwú so ó mọ́ fìlà ni. "Ọlọ́run tó dá mi mọ̀ pé káfíńtà ni mí," ni wọ́n wí.

Ẹ wá wo ìjà. Akọ̀wé kan wà ní ìgboro tí Bàbá kan tábìlì fún, tábìlì tó ń dán débi pé ènìyàn lè ka eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá ń kọjá lọ, wọ́n ní kí àwọn yà kí i. Àfi bí wọ́n ṣe bá ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná lórí tábìlì, tí kò sí àkísà kankan lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ìkòkò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n kí ìyàwó ilé pé ó kú iṣẹ́, wọ́n gbé tábìlì rù, ó di ilé. Àwọn àlejò akọ̀wé jókòó síbẹ̀, abọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Àgbà bẹ Bàbá, ẹgbẹ́ bẹ Bàbá, akọ̀wé fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀. Bàbá dá owó rẹ̀ padà fún un, tábìlì sì di ti ilé wa. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. "Tábìlì mi kì í ṣe ààrò," ni gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe.

Ohun kan wà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu Bàbá ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ni "Ẹ má bínú." Wọn kì í bẹ̀bẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ ènìyàn, tí ọkàn wọn sì ń dá wọn lẹ́bi, wọ́n á kan àpótí ìjókòó kékeré kan, wọ́n á fá a títí á fi máa dán, wọ́n á ní kí a gbé e lọ fún onítọ̀hún. Kò sí iṣẹ́ tí a ó jẹ́ o. Ẹ ṣáà gbé e fún un. Ẹni tó bá rí àpótí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti mọ̀ pé ìjà ti parí. Ìdajì àpótí ìjókòó tó wà ní agbo ilé wa, ẹ̀bẹ̀ ni. Ti Ìyá àgbà nìkan kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín pé àwọn nìkan ni obìnrin tí ọkọ ń fi igi bẹ̀.

Ọmọ Ìfọ́n ni Ìyá àgbà. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ìlobù àti Ìfọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, ẹni tó bá kírun àsùbáà níhìn-ín lè jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ oko, ó di kí oníkálukú máa wo èkejì láti ẹ̀yìn ojú. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn o. Ẹ̀jẹ̀ ìlú méjèèjì ló wà lára mi, n kò sì mọ èyí tí màá tú dànù.

Ohun tó kàn wá ni pé wọ́n pe Bàbá wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́, kí wọ́n wá sọ ibi tí ààlà oko kan wà, torí pé agbègbè ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé igi nígbà èwe wọn. Oko ọ̀hún, oko baba Ìyá àgbà ni. Bàbá sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kò sì tẹ́ àwọn ará Ìfọ́n lọ́rùn. Bàbá Bùràímọ̀, àbúrò Ìyá àgbà, ọmọ ìyá kan bàbá kan, wà níbẹ̀ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n wọn ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Bí wọ́n ṣe jáde, Bàbá Bùràímọ̀ ní kí Bàbá má tẹ ilé àwọn mọ́. Bàbá náà ní kò burú, ẹsẹ̀ àwọn ti gbàgbé ọ̀nà Ìfọ́n láti ọjọ́ náà lọ. Àwọn méjèèjì lágídí, Ìyá àgbà ló ń jìyà rẹ̀. Ọkọ ò lọ sọ́hùn-ún, àbúrò ò wá síhìn-ín.

Lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Ìyá àgbà ń fẹ́ná lọ́wọ́, wọ́n ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Mo ti jáde ìwé mẹ́fà nígbà náà, bàbá mi, Ràfíù, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, wá ní kí n lọ máa tọ́jú wọn. Ohùn Ìyá padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lò ó. Wọ́n á kọjú sí ògiri láti àárọ̀ di alẹ́. Oúnjẹ, wọn ò jẹ. A bi wọ́n títí pé kí ni wọ́n fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n dáhùn pé, "Omi ilé wa."

A sáré ránṣẹ́ sí Ìfọ́n, obìnrin kan bá wa pọn ọ́n wá nínú agbè. Mo bù ú fún wọn. Ìyá wò ó, wọ́n gbé ojú kúrò. "Ràbí, mi ò ní kí ẹ fún mi mu. Mo ní mo fẹ́ rí i." Odò kékeré kan ni wọ́n ń sọ, èyí tó wà lẹ́yìn oko baba wọn, níbi tí ìyá wọn ti ń wẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ gbé wọn rìnrìn àjò kankan. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta nínú ilé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé odò nìkan kọ́ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ẹ̀rù ń bà wá pé Ìyá yóò kú láìfojú kan ilé, láìfojú kan àbúrò wọn kan ṣoṣo, àti pé agídí Bàbá ni yóò jẹ́ okùnfà rẹ̀.

Bàbá ti rí nǹkan kan rí ní Òṣogbo, nílé òyìnbó kan tí wọ́n ṣe fèrèsé fún: àpótí onídígí tí omi kún inú rẹ̀, tí òkúta àti koríko wà nínú omi, tí ẹja ń rìn kiri láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ nílé, ẹ̀rín ni a fi wọ́n rín pé ta ni yóò máa wo ẹja tí kò ní jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Ìyá sọ̀rọ̀ yìí, Bàbá fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. "Ìyá Ràfíù," ni wọ́n wí, "fún mi láyè díẹ̀. Màá kan odò fún ọ."

Owó wo? Oògùn ti gbé owó lọ. Bàbá tú ibùsùn onírin tí àwọn fúnra wọn ń sùn lé, láti ọjọ́ náà lọ ẹní ni wọ́n ń sùn sí. Irin gígùn ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn ni alágbẹ̀dẹ gé, tó kàn pọ̀ di férémù àpótí. Dígí, èyí tó ṣẹ́kù lára fèrèsé àwọn ènìyàn ni wọ́n ṣà jọ. Wọ́n fi pọ́tì, àtè tí káfíńtà fi ń lẹ dígí mọ́ fèrèsé, dí gbogbo igun rẹ̀, wọ́n yọ́ ìda oyin lé e. A bomi sí i. Ó jò. Wọ́n tú u, wọ́n tún un ṣe. Ó tún jò. Ẹ ò rí Bàbá bí wọ́n ṣe ń nàka sí omi nílẹ̀ẹ́lẹ̀: "Ìwọ omi yìí, ta lo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi?" Ọjọ́ tí igun kẹ́yìn gbẹ táútáú lábẹ́ ìka wọn, wọ́n ké "Àláhù Akibárù!" débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n rò pé Ìyá ti kú.

Kí ẹ má rò pé ibẹ̀ ni wàhálà parí sí. Òkúta tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó Bàbá ni ìyàngí, òkúta pupa tí gbogbo wa fi ń mọ ìpìlẹ̀ ilé. Bàbá kó o sínú omi, wọ́n tò ó dáadáa. Káfíńtà ló ronú bẹ́ẹ̀: òkúta tó gbé ilé dúró, ṣé odò ni kò ní gbé dúró ni? Kó tó di ọ̀la, omi ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìyá àgbà yíjú sí i, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Àgbo ni?" Mo sáré bọ́ síta lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín rárá, àmọ́ àpótí ìjókòó tuntun kan dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n wá lọ ṣa òkúta dúdú létí odò, wọ́n fọ yanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́, wọ́n ju ẹja wẹ́wẹ́ sí i. Èyí mọ́. Ó dára. Gbogbo àdúgbò ya wá wò ó. Níbí wa, kò sí ẹni tó ń wá kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀kọ ni àwọn ènìyàn ń gbé wọlé. Wọ́n á kí Ìyá tán, wọ́n á bojú wo ẹja, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kú ìdúrótì," wọ́n á bu díẹ̀ sínú omi. Ṣé ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ aláìsàn kì í jẹun ni? Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ fi àkàrà odindi kan ṣe sàráà, ó ṣàdúrà gígùn sórí rẹ̀, ó rọra gbé e sínú àpótí. Kò pẹ́ tí omi fi dà bí ògì, ẹja kú, wọ́n yí ikùn sókè, òórùn gba gbogbo ilé. Bàbá gbé òòlù, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Gbogbo ẹni tó bá ti yọ ni wọ́n ń sọ fún pé, "Ẹ kí Ìyá. Ẹ má kí ẹja."

Wọ́n tún un tò. Ìgbà yìí, omi mọ́, ẹja ń ṣeré, inú Bàbá dùn, wọ́n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bí ẹni tó ń dúró de ìyìn. Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ràfíù. Iṣẹ́ yín dára. Ṣùgbọ́n odò wa kọ́ nìyẹn. Odò wa, ewé ni òkúta ibẹ̀ wọ̀ láṣọ." Wọ́n tún kọjú sí ògiri. Irú ewé bẹ́ẹ̀ kò sí ní gbogbo ibi tí Bàbá mọ̀ lápá tiwa. Àfi nínú odò yẹn, lórí oko yẹn, lọ́wọ́ Bàbá Bùràímọ̀. Bàbá jókòó sórí ẹní wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí Bàbá nínú agbádá funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Wọ́n ti di àpótí ìjókòó tuntun kan mọ́ kẹ̀kẹ́. "Ràbí, gbé kèrègbè, jókòó sẹ́yìn mi." Mi ò bi wọ́n níbi tí à ń lọ. Bí a ṣe dé ẹnu bodè Ìfọ́n, Bàbá sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé èmi ni wọn yóò ní kí n gbé àpótí wọlé, bí ìṣe wọn. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n yí i wò, wọ́n fi ọwọ́ nù ún. Wọ́n wá gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n fi í síbẹ̀. "Eléyìí ò tó," ni wọ́n wí.

Bàbá Bùràímọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń yín àgbàdo. Wọ́n kéré sí Bàbá lọ́jọ́ orí gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ìyàwó nílé kan, ọmọ ọwọ́ ilé náà pàápàá, àgbà rẹ̀ ni? Bàbá ṣí fìlà, wọ́n nà án sí mi, wọ́n sì na gbọọrọ sílẹ̀ nínú eruku, tàwọn ti agbádá funfun. Mi ò rí i kí Bàbá tẹ orúnkún fún ẹnikẹ́ni rí, yàtọ̀ sí Ọlọ́run.

"Àna mi," ni Bàbá wí láti ilẹ̀, "mi ò wá nítorí ilẹ̀. Ohun tí mo sọ nílé ẹjọ́, òun ni mo mọ̀, mi ò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n wá síhìn-ín kí n tó lọ sọ ọ́, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò wá. Mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín máa wọ̀nà títí àìsàn fi bá wọn. Èyí ni mo wá bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ẹ má bínú. Ẹ fún mi ní òkúta díẹ̀ nínú odò yín. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ rí i."

Bàbá Bùràímọ̀ dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bàbá ò dìde. Adìẹ ń ṣa àgbàdo yí wọn ká. Àwọn ìyàwó ilé jáde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dìde, ẹ jókòó." Bàbá gbé orí sókè díẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹni tí mò ń bẹ kò tíì ní kí n dìde." Oòrùn kúrò lórí òrùlé, ó dé àárín agbo ilé, ó dé ẹ̀yìn wọn. Omijé ń dà lójú mi, inú ń bí mi, mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Bàbá tí kò lè dúró kí omi ìwẹ̀ gbóná, ẹ wá wò wọ́n!

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Bùràímọ̀ jáde pẹ̀lú agbọ̀n àti àdá, ojú wọn ti pọ́n. "Ẹ dìde," ni wọ́n wí. "Ẹ bọ́ agbádá yẹn. Omi ibẹ̀ tutù."

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí Ìyá ń sunkún lé lórí. Abẹ́ igi ńláńlá ni odò náà ń gbà lọ, omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé kò sí omi níbẹ̀. Ewé tútù minimini bo àwọn òkúta, gbòǹgbò wọn di òkúta mú, wọn ò wọ ilẹ̀ rárá. Bàbá na ọwọ́ láti fa ọ̀kan tu. Bàbá Bùràímọ̀ di ọwọ́ wọn mú: "Ẹ má yà wọ́n. Ẹ gbé òun àti òkúta rẹ̀." Bàbá fi fìlà gbọ́n ẹja wẹ́wẹ́ sínú kèrègbè. Yàtọ̀ sí "ẹ rọra" àti "ẹ gbà", àwọn àgbà méjì yìí ò bá ara wọn sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ fojú kàn wọ́n." Bàbá Bùràímọ̀ mi orí. "Ẹ bá mi kí wọn," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí àgbàdo wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a gbé Ìyá àgbà jókòó, a fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta. Àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kékeré níwájú, yanrìn funfun láàárín. Ni Ìyá bá pariwo lójijì: "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ sún un sẹ́yìn!" Gbogbo wa fò sókè. Ohùn Ìyá rè é! Ohùn tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́! Bàbá sún òkúta sẹ́yìn. "Ọwọ́ òsì. Ó ti pọ̀ jù. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́." Bàbá dà á dẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún ní gbogbo Ìlobù, wọ́n ń sáré káàkiri àpótí dígí bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, inú wọn sì ń dùn. Nígbà tí wọ́n parí, Ìyá bi wọ́n pé, "Ta ló fún yín?" Bàbá ní, "Bùràímọ̀ ni. Ó ní kí n kí ọ." Ìyá gbé ọwọ́ òsì lé ara dígí náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn yọ, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó la inú omi kọjá. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Gbogbo yàrá ń mì. Omi wà lórí ògiri, omi wà lórí àjà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn lójú Ìyá. Nínú dígí, ìfófòó kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ ń jáde lára ewé, wọ́n ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé ń mí! Ẹja ń gba abẹ́ òkúta wọlé, ó ń gba ibòmíràn jáde. Mo kúnlẹ̀ láìmọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀. Mo wo Bàbá, mo wo ọwọ́ wọn tí pọ́tì àti èéfọ́ dígí ti ṣe yánnayànna, mo ní ṣé ènìyàn bíi tiwa ló ṣe èyí? Àwọn tó wá kí Ìyá ní àárọ̀ yẹn, wọn ò rántí kí wọn mọ́. Wọ́n ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń sọ pé "Súbúhánà-Lláhì," wọ́n ń bọ́ bàtà. Ìyá àgbà fúnra wọn ní kí n bu ògì wá fún àwọn mu.

Ṣùgbọ́n omi kànga wa ni a ń bù sí i bó ṣe ń fà. Kò pẹ́ tí etí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ojú Bàbá náà sì ń pọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Mo bá obìnrin ará Ìfọ́n kan pàdé lọ́jà, mo ròyìn fún un, mi ò sì rò ó mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Bùràímọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lójú títì, garawa omi wà lórí wọn. Àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ! Láti Ìfọ́n! Aṣọ wọn ti tutù dé ìdí. Gbogbo àdúgbò dúró tí wọ́n ń wò. Bàbá Bùràímọ̀ gba iwájú Bàbá kọjá, wọ́n wọ yàrá, mo sáré bá wọn sọ garawa kalẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n wo òkúta wọn, ewé wọn, ẹja odò wọn. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn tí ọwọ́ kan kú sórí itan.

Ìyá àgbà wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. "Bùràímọ̀," ni Ìyá wí, "ṣé o ti jẹun?"

Bàbá Bùràímọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé, wọ́n gbórí lé itan Ìyá. Mo bọ́ síta kí n lọ gbé ìkòkò kaná. Bàbá àgbà wà níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń fá pákó kan, wọ́n ń fá a, wọ́n ń fá a, pákó náà ti tín-ín-rín débi pé kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Wọn ò wọ yàrá títí a fi gbé oúnjẹ dé. Wọ́n ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn."

Láti ìgbà náà, Bàbá Bùràímọ̀ ò jẹ́ kí omi odò tán nílé wa. Ìyá àgbà tí gbogbo wa ti ń sọkún wọn sílẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bú mi. Bàbá ló lọ. Níbi iṣẹ́ ni, wọ́n jókòó láti sinmi lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọn ò dìde mọ́.

Àgbàlá ni a sin wọ́n sí, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò. Wọ́n gbé Bàbá dé etí sàárè nínú aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbóná láàárín ìlú méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a ò tilẹ̀ retí ẹnikẹ́ni láti Ìfọ́n. Ni Bàbá Bùràímọ̀ bá la àárín èrò kọjá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò. Ọkùnrin kan láàárín èrò kùn pé, "Ará Ìfọ́n kọ́ ni yóò wọ ilẹ̀ wa lónìí." Bàbá Bùràímọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sínú sàárè. Ilẹ̀ Ìlobù dé wọn léjìká. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ gbé àna mi fún mi," ni wọ́n wí.